Èyí Tí Mò Ń Pa Rẹ́ Ló Wà Láàyè

Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mi ti ń ṣiṣẹ́ geere, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò kúrò lọ́kàn mi. Kì í ṣe ìyọnu ọjọ́ mẹ́rin tó fi jẹ mí ló ń dùn mí. Ohun tó ń gún mi ní kẹ́ṣẹ́ ni pé láàárín ọjọ́ mẹ́rin yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹta ni kọ̀ǹpútà gbé ohun tí mò ń wá síwájú mi, ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta ni mo sì fọwọ́ ara mi pa á rẹ́. Mo tiẹ̀ ń pòṣé bí mo ṣe ń pa á rẹ́ lọ.

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ ṣe ò tó nǹkan. Lẹ́tà olójú-ìwé méjì ni mo fẹ́ tẹ̀ jáde.

## "Offline"

Lọ́jọ́ Sátidé ni mo tún tábìlì mi tò. Mo tú gbogbo wáyà, mo nu eruku, mo dá wọn padà, inú mi sì dùn sí iṣẹ́ ọwọ́ mi. Nígbà tó di Mọ́ńdè, mo ṣí lẹ́tà náà, mo ní kó tẹ̀ ẹ́, kò tẹ nǹkan kan. Mo wo ojú kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo bá lábẹ́ àwòrán ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mi: "Offline", ìyẹn ni pé kọ̀ǹpútà ò rí ẹ̀rọ náà. Àwòrán náà fúnra rẹ̀ ti ṣá, bí aṣọ tó ti pẹ́ lóòrùn.

Offline kẹ̀? Iná ẹ̀rọ ń tàn. Wáyà USB wà lẹ́yìn rẹ̀, orí onígun mẹ́rin yẹn wọlé dáadáa. Orí pẹlẹbẹ náà wà lára kọ̀ǹpútà. Mo tẹ bọ́tìnì tó wà lórí ẹ̀rọ, ó tu ìwé ìdánwò jáde lójú ẹsẹ̀, ìlà dúdú, ìlà aláwọ̀, gbogbo rẹ̀ mọ́ kedere. Yíǹkì wà, ìwé wà. Ta ló wá kù tí à bá dá lẹ́bi? Dírẹ́bà ni, ètò kékeré tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà lè bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀. (Mi ò mọ ẹni tó kọ́kọ́ pè é ní dírẹ́bà. Tèmi ò wakọ̀ rí, jàǹbá nìkan ló mọ̀ ọ́n ṣe.)

Mo lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo wá ojúlé àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà, mo kọ orúkọ àti nọ́ńbà tó wà níwájú rẹ̀, mo yan Windows oní-64-bit, irú èyí tó wà lórí kọ̀ǹpútà mi, mo gba fáìlì sílẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan bẹ̀rẹ̀ sí í fà láti òsì lọ sí ọ̀tún, ó dúró níbi tí wọ́n máa ń dúró, ó tún ń lọ. Nígbà tó parí, ó kí mi kú oríire. Mo ní kó tẹ lẹ́tà mi. Offline.

Mo tún dírẹ́bà náà gbé sórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ó tún kí mi kú oríire.

Ibi tí mo ti wá ṣìṣe nìyí. Nígbà tí mo ṣí ibi tí Windows kó àwọn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sí, méjì ni mo bá níbẹ̀. Èkíní ni ẹ̀rọ mi bí mo ṣe mọ̀ ọ́n, èyí tó ti ṣá. Èkejì ń jẹ́ orúkọ kan náà, àfi pé wọ́n lẹ "(Copy 1)" mọ́ ọn nídìí. Mo ní pàǹtírí ni èyí, dírẹ́bà tí mo gbé lẹ́ẹ̀mejì ló bí ẹ̀dà. Àwọn àgbà sáà ní a kì í mọ ọkọ ọmọ ká tún mọ àlè rẹ̀. Èyí tí mo ti mọ̀ lọ́kọ ni mo dì mú, mo pa ìkejì rẹ́. Bí mo ṣe yọ wáyà tí mo sì dá a padà, ó tún yọjú. Mo tún pa á rẹ́. Lọ́jọ́ kẹta, mo pa á rẹ́ pẹ̀lú ìbínú, bí ẹni ń pa ẹ̀fọn. Nígbà tó yọjú lẹ́ẹ̀kẹrin, ó ti rẹ̀ mí, mo fi í sílẹ̀.

Ní gbogbo àkókò yìí, mi ò yé sọ pé kí ó tẹ lẹ́tà. Èyí àkọ́kọ́ ni mo ti ní kí Windows máa lò nígbà gbogbo, òun náà sì ni mò ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí láàárọ̀ àti lálẹ́.

## "Ihò wo lẹ ki wáyà bọ̀?"

Lálẹ́ ọjọ́ kẹrin mo pe àbúrò mi. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe, mi ò sì fẹ́ràn àtimáa pè é nítorí irú nǹkan báyìí, torí ó máa ń dákẹ́ tí mo bá ń ṣàlàyé, irú ìdákẹ́jẹ́ tí dókítà máa ń dákẹ́. Mo ro ẹjọ́ mi látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Dírẹ́bà èkíní, dírẹ́bà èkejì, ẹ̀dà tí kò gbọ́ pípa.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n mi," ó ní. "Ihò wo lẹ ki wáyà yẹn bọ̀?"

"Ihò USB kẹ̀. Ihò wo ló tún wà?"

"Mo mọ̀ pé USB ni. Ṣé ihò tó wà kí ẹ tó tún tábìlì tò ni, àbí òmíràn?"

"Ihò ṣáà ni ihò. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà."

"Ọ̀nà kan ò wọ ọjà lóòótọ́," ó ní, "ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà tí ẹ gbà wọlé lánàá ni wọ́n ṣì dúró sí tí wọ́n ń retí yín."

Mo fi fóònù há èjìká, mo tẹ̀ síwájú. Ihò méjì ló wà lápá òsì kọ̀ǹpútà mi, ọ̀kan lápá ọ̀tún. Lápá òsì ni wáyà ìtẹ̀wé máa ń wà, nítòsí ibi tí wáyà iná ń wọ̀. Nígbà tí mo tún tábìlì tò, apá ọ̀tún ló sún mọ́ ẹ̀rọ, ibẹ̀ ni mo sì kì í bọ̀ láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo yọ ọ́. Kọ̀ǹpútà dún, ohùn kékeré tó máa ń rẹlẹ̀ yẹn. Mo ki í bọ apá òsì. Ó tún dún, èyí tó máa ń lọ sókè.

Ojú mi wà lójú kọ̀ǹpútà, mo sì rí i bó ṣe ṣẹlẹ̀. Èyí tó ti ṣá láti ọjọ́ mẹ́rin mọ́lẹ̀ yẹ́ẹ́. Ìṣẹ́jú-àáyá kan náà, "(Copy 1)" tó ń dán tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá. Bí ẹni pé àwọn méjèèjì pààrọ̀ aṣọ lójú mi. Kí n tó mọ ohun tí mo rí, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé gbin, ó fa ìwé kan wọlé, ó tu ú jáde. Ojú-ìwé kìíní lẹ́tà mi. Ojú-ìwé kejì. Ojú-ìwé kìíní. Ojú-ìwé kejì. Ojú-ìwé kìíní.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló ń dún yẹn?"

"Lẹ́tà mi ni."

"Mélòó ni ẹ ní kó tẹ̀?"

"Má bèèrè."

Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni mo ti ní kó tẹ̀ ẹ́. Ewé méjìdínlógún ló tu síwájú mi, mi ò sì dá a dúró. Mo jókòó, mo ń wò ó.

## Ilé là ń wò ká tó sọ ọmọ lórúkọ

Nígbà tí wáyà USB bá wọlé, kọ̀ǹpútà á kọ́kọ́ bi ohun tó wà lẹ́nu wáyà léèrè ẹni tó jẹ́. Nọ́ńbà méjì ló gbọ́dọ̀ fi dáhùn. Èkíní, VID, ń sọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é. Èkejì, PID, ń sọ irú èyí tó jẹ́ nínú àwọn tí ilé-iṣẹ́ náà ń ṣe. Dírẹ́bà tó bá bá nọ́ńbà méjèèjì mu ni Windows máa fà jáde. Nọ́ńbà kẹta wà, èyí tó jẹ́ ti ẹ̀rọ kan ṣoṣo láyé, tí kò sí lára ẹgbẹ́ rẹ̀ kankan. Ìlànà USB kò fi dandan lé ìyẹn. Fláàṣì gbọ́dọ̀ ní in, ìdí nìyẹn tí ihò yòówù tí ẹ bá ki fláàṣì bọ̀, kọ̀ǹpútà kì í ṣì í mọ̀. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tèmi ò ní in.

Mo lọ wò ó fúnra mi nínú Device Manager, ibi tí Windows to gbogbo ẹ̀rọ tó mọ̀ sí, níbi tí wọ́n kọ "Device instance path" sí. Lẹ́yìn VID àti PID, mo rí nọ́ńbà kan péré, lẹ́yìn náà àmì &, lẹ́yìn náà àwọn lẹ́tà tí kò nítumọ̀ lójú mi. Níbi tí & bá ti wà ní ipò kejì báyẹn, Windows fúnra rẹ̀ ló hun nọ́ńbà ọ̀hún, láti ara ihò tí ẹ̀rọ wà. Ó bi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mi pé ta ni, ìyẹn dákẹ́, ó bá wo ibi tó jókòó sí, ó fi sọ ọ́ lórúkọ. Ilé là ń wò ká tó sọ ọmọ lórúkọ, àbí? Ihò apá òsì di USB001. Nígbà tí ẹ̀rọ kan náà wá yọjú lápá ọ̀tún, àlejò ni lójú Windows. Ó fún un ní USB002, ó fún un ní "(Copy 1)", ó sì ń retí pé kí èmi lò ó. Èmi ló ń lé e.

Àwọn lẹ́tà mi kò sọnù ní tiwọn. Inú àpò kan tó ń jẹ́ C:\Windows\System32\spool\PRINTERS ni Print Spooler, ètò tó ń tọ́jú iṣẹ́ tó ń dúró de ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, kó wọn sí, fáìlì méjì méjì fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, SPL àti SHD. Bí ẹ pa kọ̀ǹpútà tí ẹ tún un tan, ibẹ̀ náà ni wọ́n wà. Ìjókòó òfìfo ni wọ́n tò sí, tí wọ́n ń retí ẹni tó ti lọ jókòó síbòmíràn nínú iyàrá kan náà.

Mo bínú sí Windows ní ọjọ́ kìíní tí mo lóye èyí. Lẹ́yìn náà mo rò ó síwájú. Bí ẹ bá ní ẹ̀rọ méjì tó jọra bí ìbejì, VID kan náà, PID kan náà, tí kò sí nọ́ńbà kẹta lára èyíkéyìí, kí lẹ fẹ́ fi dá wọn mọ̀ yàtọ̀, bí kò ṣe ibi tí kálukú wà? Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ pẹ̀lú. Kí USB tó dé ní 1996, ihò fífẹ̀ kan tó ní ẹsẹ̀ 25 ni wọ́n ń ki wáyà ìtẹ̀wé bọ̀, wọ́n á tún fi síkúrù dè é. LPT1 lorúkọ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ò ní ju ẹyọ kan lọ, nítorí náà ẹni tó bá mọ ihò ti mọ ẹ̀rọ. USB001 jẹ́ ọmọ-ọmọ LPT1. Ihò ti di púpọ̀, èrò ìgbà tí ihò jẹ́ ẹyọ kan ṣì wà nínú rẹ̀.

Kì í sì í ṣe bí gbogbo ilé ṣe ń ṣe nìyẹn. CUPS, ètò ìtẹ̀wé tí Linux ń lò, tí Michael Sweet bẹ̀rẹ̀ ní 1997, tí Apple sì gbà sínú Mac OS X ní 2002, kì í kọ ihò sílẹ̀ ní tirẹ̀. Orúkọ ilé-iṣẹ́ àti irú ẹ̀rọ ló ń kọ, pẹ̀lú nọ́ńbà kẹta bí ó bá wà. Ká ní Linux ni mò ń lò, bóyá mi ò bá má rí nǹkan kọ lónìí.

## Ohun tí ì bá ti sọ

Òótọ́ ni "Offline". Kò sí ẹni tó wà nínú USB001 lóòótọ́. Ẹjọ́ tí mo ní sí ọ̀rọ̀ yẹn ni pé ó sọ òótọ́ tí kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ká ní ó sọ pé "Kò sí nǹkan kan nínú ihò yìí, ṣùgbọ́n èyí tó jọ ọ́ wà nínú ihò kejì," ìṣẹ́jú kan ni ọ̀rọ̀ náà ì bá gbà. Windows mọ ohun méjèèjì. Kò kàn sẹ́ni tó kọ́ ọ pé kó so wọ́n pọ̀ fún mi.

Irú ọ̀rọ̀ báyìí ló bí ìjà ńlá kan nídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rí. Ní MIT, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, Richard Stallman, ọ̀kan lára àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà níbẹ̀, ti tún ètò ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àtijọ́ wọn kọ, débi pé tí ìwé bá há sínú rẹ̀, ó máa ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó ń dúró de iṣẹ́ pé kí wọ́n dìde lọ yọ ọ́. Nígbà tó di nǹkan bí 1980, ẹ̀rọ tuntun dé. Ó yára, ìwé sì ń há nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò fún wọn ní ojúlówó ètò tí wọ́n kọ sínú rẹ̀, nítorí náà kò sí bí Stallman ṣe lè kọ́ ọ láti sọ̀rọ̀. Ó lọ bá ẹnì kan tó ní ètò náà lọ́wọ́, ìyẹn ní òun ti ṣèlérí pé òun ò ní fún ẹnikẹ́ni. Ìbínú ọjọ́ yẹn wà lára ohun tó mú un kéde iṣẹ́ GNU ní 1983, ètò kọ̀ǹpútà tí ẹnikẹ́ni lè ṣí wò, kó sì tún un ṣe. Tẹ́lẹ̀, tí mo bá ń gbọ́ ìtàn yìí, mo máa ń rò pé àsọdùn wà níbẹ̀. Ta ló ń torí ìwé tó há bẹ̀rẹ̀ irú nǹkan bẹ́ẹ̀? Lẹ́yìn ewé méjìdínlógún, mi ò rò bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹ̀rọ tó mọ ohun tó ń ṣe é, tí kò sì lè sọ ọ́ fún ẹni tó ń lò ó, ń tán ni ní sùúrù ju èyí tó bàjẹ́ pátápátá lọ.

## Nọ́ńbà tuntun

Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí pẹ́ lọ́kàn mi tó báyìí kò sí nínú kọ̀ǹpútà. Ní bí ọdún méjì sẹ́yìn, ọ̀rẹ́ mi kan tí a ti jọ wà tipẹ́ pàdánù fóònù rẹ̀. Mo ń pe nọ́ńbà tí mo mọ̀, wọ́n ń sọ fún mi pé kò sí. Mo ń pè é lójoojúmọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, nọ́ńbà kan tí mi ò mọ̀ rí fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi: "Èmi ni o, nọ́ńbà mi tuntun nìyí." Kò sí àwòrán níbẹ̀. Mo ní onígbájúẹ̀ ni, mo pa á rẹ́. Ó tún kọ̀wé. Mo tún pa á rẹ́, mo sì dínà mọ́ ọn. Mo wá padà sídìí nọ́ńbà àtijọ́, mo ń pe ihò tó ti ṣófo.

Nígbà tí a ríra, ó bi mí pé kí ló ṣe mí sí òun. Mo ṣàlàyé, a rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí "(Copy 1)" ṣá lójú mi lálẹ́ ọjọ́ kẹrin yẹn, ojú ọ̀rẹ́ mi ni mo kọ́kọ́ rí. Mo ti ń fi Windows ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìjókòó ló fi ń mọ èèyàn. Nọ́ńbà mọ́kànlá kan ni èmi náà fi mọ ẹni tí mo ti mọ̀ fún ogún ọdún. Tèmi tiẹ̀ burú jù: Windows gba àlejò náà wọlé, ó fún un lórúkọ, ó tẹ́ ìjókòó fún un. Èmi dínà mọ́ ọn.

## Bí ẹ bá fẹ́ gbé tiyín

Àwọn kan á ti máa sọ pé bí wọ́n ṣe ń gbé dírẹ́bà ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sórí kọ̀ǹpútà làwọn bá wá síbí. Ó dáa. Bí ẹ̀rọ náà bá jẹ́ tuntun, ẹ wo ẹnu ihò USB tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló máa ń ní bébà kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn pé kí ẹ má tíì ki wáyà bọ̀. Ẹ gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Bí wáyà bá ṣáájú dírẹ́bà, Windows á fi ohun tó wà nílé bá a ṣe é, ó sì lè jẹ́ dírẹ́bà gbogbogbòò tó ń tẹ̀wé ṣùgbọ́n tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń ya àwòrán ìwé sínú kọ̀ǹpútà, tàbí kó má rí nǹkan kan, kó pè é ní ohun tí kò mọ̀. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Ẹ gbé dírẹ́bà sórí rẹ̀ ná, ẹ dúró títí yóò fi ní kí ẹ ki wáyà bọ̀, kí ẹ sì kì í bọ ara kọ̀ǹpútà gan-an, kì í ṣe ara ohun tí wọ́n fi ń sọ ihò kan di mẹ́rin. Wáyà USB 2.0 tó bá ti ju mítà 5 lọ, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e. Dírẹ́bà oní-32-bit kò lè ṣiṣẹ́ lórí Windows oní-64-bit, nítorí náà ẹ wò ó dáadáa kí ẹ tó gbà á sílẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí gbogbo èyí di ìtàn láìpẹ́. Ní oṣù kẹsàn-án 2023, Microsoft, ilé-iṣẹ́ tó ni Windows, kéde pé díẹ̀díẹ̀ làwọn máa jáwọ́ nínú dírẹ́bà táwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn ń ṣe, kí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti kọ̀ǹpútà máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ lédè kan tí gbogbo wọn gbọ́.

Bí ẹ bá sì tún tábìlì tò, tí "Offline" wá yọjú, ẹ wo ihò kí ẹ tó wo dírẹ́bà. Tí ẹ ò bá fẹ́ yí wáyà, ẹ ṣí "Printer properties", ẹ lọ síbi tí wọ́n kọ "Ports" sí, kí ẹ fi àmì sí ihò tuntun náà (USB002 ni tèmi). Ó parí.

Tèmi, mo fi ìlà pupa kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ ihò apá òsì. Mi ò pa "(Copy 1)" rẹ́ mọ́. Ó wà níbẹ̀, ó ti ṣá, ọjọ́ tí mo bá gbàgbé tí mo gba apá ọ̀tún, yóò mọ́lẹ̀. Lẹ́tà náà, ẹyọ kan ni mo fi ránṣẹ́. Ẹ̀yìn àwọn ewé yòókù ni mo ń kọ nǹkan sí láti ìgbà yẹn, orí wọn náà ni mo sì ti kọ àròkọ yìí kí n tó tẹ̀ ẹ́. Ó ku mẹ́rin.